Kí Mẹ́ta Àárín Tó Ṣí

Orí ìdérí àpótí yìnyín la ti ń ta káàdì lálẹ́ Ọjọ́bọ̀,
lẹ́yìn Máríńnà, ní Ẹ̀pẹ́.
Òtútù ń gba abẹ́ aṣọ wọlé. Ẹ́ńjìnnì ń kùn.
Kúṣìmọ̀ tó ni ilé yìnyín kì í pa á;
ó ní bí yìnyín bá yọ́ pẹ́nrẹ́n,
gbogbo apẹja láti ibí dé Ẹ̀jìnrìn ni yóò wá ká òun mọ́ orí ẹní.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà mi ti wà láàárín
kí n tó rí ohun tí wọ́n há fún mi.
Owó ojú-dídì là ń pè é.
Ó ń kàn wá níkọ̀ọ̀kan, bí ìgbálẹ̀ ilé ìwé.

Mo ṣí igun káàdì méjèèjì díẹ̀,
bí ẹni ń yọjú wo ìkòkò tí kì í ṣe tirẹ̀:
ọba dúdú, jáàkì pupa.
Ọba ṣáà ni ọba ń jẹ́.
Ara mi ti dìde kí ọpọlọ mi tó jókòó.

Ṣùgbọ́n Màdáámú Ọ̀sífẹ̀sọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.
Ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe,
ó ka ẹgbẹ̀rún méjì lé orí ìdérí
bí ẹni ń ka ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá.
Kúṣìmọ̀ da tirẹ̀ nù, ó lọ wo ẹ́ńjìnnì.
Sálíù da tirẹ̀ nù, pẹ̀lú ìdajì owó ojú-dídì tó ti fi sílẹ̀.
Ó wá ku èmi,
èmi tí obìnrin yìí kọ́ ní ìṣirò ní kíláàsì kẹrin,
tó nà ní pàṣán mẹ́fà nítorí pé mo kọ ìdáhùn
láì kọ ọ̀nà tí mo gbà dé ibẹ̀.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ̀nà.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni n ó fi kún un.
Ohun tó wà nílẹ̀ kò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.
Nínú ẹ̀ẹ̀mẹta, mo gbọ́dọ̀ jẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ,
bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó petirólù alùpùpù mi ni mò ń fi ṣe sàárà.
Kí ni ìyá yìí lè dì mú?
Orúkọ a máa ro ọmọ: ẹ̀sọ̀ ló fi ń ṣe é.
Láti aago mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti fi owó kún owó:
àkọ́kọ́, éèsì méjì. Èkejì, a ò rí i, gbogbo wa sá.
Bó bá mú éèsì àti ọba, ọba tèmi di ẹrú.
Bó bá mú ayaba méjì, jáàkì mi á kúnlẹ̀ kí wọn.
Kì í ṣe kí ọba má yọ láàárín ló ń bà mí lẹ́rù;
kí ó yọ ni.
Kí ó yọ, kí inú mi dùn, kí n máa sanwó tẹ̀lé e
bí ẹni ń wa ọkọ̀ wọ ẹrẹ̀ nígbà tí ọ̀sà ń fà sẹ́yìn.
Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá. Owó ilé ló bá a lọ.

Ohùn kan ní: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rẹ ti wà níbẹ̀,
ṣé o máa fi í sílẹ̀ ni?
Mo mọ ohùn yẹn. Bàbá mi ni,
tó padà sínú ìjì nítorí àwọ̀n ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.
Àwọ̀n náà dé èbúté.

“Olúgbuyì, ìwọ là ń retí.”

Mo ti méjèèjì síwájú, wọ́n dojú bolẹ̀.
Ó kó owó náà, ó tò ó, ó da káàdì rẹ̀ mọ́ tiwa,
ó tì wọ́n sí Sálíù kó pò wọ́n.
Kò fi han ẹnikẹ́ni.
Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo wo ẹnu rẹ̀. Òfo.
Omi yìnyín kán sí mi lẹ́sẹ̀.

Kúṣìmọ̀ padà dé, ó ń nu ọwọ́ sí ṣòkòtò,
ó bèèrè ẹni tó jẹ.
Owó ojú-dídì ti kan Màdáámú;
ó ti yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tirẹ̀ sílẹ̀
kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn.